Idà fún Ọwọ́ Òsì

Kinue Hosaka kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, kò sì ní in lọ́kàn láti kọ́ ọ lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó wọ ilé àgbẹ̀dẹ Tamotsu Sawaragi ní ìlú Seki, kò tíì kí i tán tí ó fi sọ ohun tí ó gbé e wá.

"Ẹ rọ idà kan fún mi, baba. Ọwọ́ òsì ni màá fi máa fà á yọ."

Tamotsu gbé òòlù sílẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ọ̀rẹ́ ọkọ Kinue tó ti di olóògbé, ó sì gbà pé kò sí ìwà wèrè oníbàárà tí òun kò tíì rí. Ẹnìkan ti ní kí ó fín orúkọ ajá òun sára idà rí. Ó wo apá ọ̀tún obìnrin náà, tí aṣọ funfun so mọ́ àyà rẹ̀. Ẹ̀gbà ló kọlù ú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹnu náà padà, àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ní ẹnu mú èlé bọ̀. Apá ọ̀tún nìkan ló kọ̀, ó kàn wà níbẹ̀ bí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni Tamotsu wí, "àwàdà lo bá wá láàárọ̀ yìí?"

"Ṣé mo rẹ́rìn-ín ni?"

Ẹni tí kò bá gbé Seki lè béèrè pé kí ni babarìrà níbẹ̀. Ìbàdí òsì ni idà ń gbé, ọwọ́ ọ̀tún ní ń fà á yọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọlọ́wọ́ òsì, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ idà ni wọ́n ti ń yí i padà sí ọ̀tún. Àwa tí wọ́n kọ́ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Kinue fúnra rẹ̀, ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó fi lo idà, ti fi abẹ̀bẹ̀ gbá ọwọ́ òsì àìmọye ọmọ. Ó rántí rẹ̀ dáadáa, kò sì tijú láti yí ohùn padà.

"Ó dáa," ni Tamotsu wí, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ká ní mo rọ ọ́. Ibo ni màá fín orúkọ mi sí?"

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ara irin tó ń wọ inú èkù ni alágbẹ̀dẹ ń fín orúkọ rẹ̀ sí, ní ojú tí ó kọ sí gbogbo ayé nígbà tí idà bá wà ní ìbàdí òsì. Bí a bá gbé idà náà lọ sí ìbàdí ọ̀tún, ojú yẹn á kọ sí ara ẹni tó gbé e.

"Ṣé ikùn rẹ ni yóò máa ka orúkọ mi?" ni Tamotsu béèrè.

"Ẹ fín in sí ojú kejì."

"Ọ̀gá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ọ̀gá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí i á ní ọtí ni mo mu, tàbí kó ní ayédèrú ni."

"Abẹ́ èkù ló wà. Ta ni yóò rí i?"

"Èmi."

"Ẹ dijú nígbà náà."

Tamotsu ní rárá. Ó ní rárá lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kinue wá àpò èédú kan, ó jókòó lé e.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń dúró kí ẹ ronú."

"Mo ti rò ó."

"Ẹ tún un rò."

Ó jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí Tamotsu gbé oúnjẹ rẹ̀ jáde, Kinue náà mú tirẹ̀. Ó fi eyín àti ọwọ́ òsì tú aṣọ tó fi di ìrẹsì rẹ̀, ó jẹ ẹ́ láìjẹ́ kí hóró kan bọ́ sílẹ̀, ó sì fi eyín àti ọwọ́ kan náà di aṣọ náà padà, kókó rẹ̀ dọ́gba. Baba àgbẹ̀dẹ ń wò ó lábẹ́lẹ̀.

"Ogiso ńkọ́?" ló béèrè nígbẹ̀yìn. Shigeki Ogiso ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ idà tí Kinue ń lọ. "Kí ni ọ̀gá yín wí sí i?"

"Ó ní kí n wá jókòó láàárín àwọn àgbà ní ọjọ́ ìfihàn idà ní ojúbọ, kí n máa mu tíì."

"Ṣé tíì wọn ò dùn ni?"

"Ó dùn. Ibẹ̀ ni wàhálà wà." Kinue gbé aṣọ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Baba, ẹ gbọ́. Bí mo bá jókòó ti tíì yẹn lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn. Wọn á máa kí mi kú ìrọ́jú, wọn á máa fi ìrọ̀rí sábẹ́ ìdí mi, títí wọn á fi sin mí. Ikú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ìrọ̀rí yẹn ni."

Tamotsu jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó mu omi, ó nu ẹnu.

"Dìde," ló wí. "Jẹ́ kí n wọn apá rẹ."

Idà tí Kinue ti ń lò tẹ́lẹ̀ gùn, ó wúwo, ọwọ́ méjì ni wọ́n rọ ọ́ fún. Ó fi í sílẹ̀ fún Tamotsu láti fi ṣe pàṣípààrọ̀, kò sì wẹ̀yìn wò. Èyí tuntun ní láti kúrú jù ú lọ ní ìbú ọwọ́ kan, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi ṣónṣó, kí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ èkù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Tamotsu kò dín nǹkan kan kù nínú iṣẹ́ náà. Ó ká irin lé ara rẹ̀ léraléra, ó lù ú pọ̀, ó fi amọ̀ kùn ún, nípọn lẹ́yìn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́nu, ó sì rì í bọ omi nígbà tí àwọ̀ iná tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ó fá amọ̀ náà kúrò, ẹnu idà ti funfun bí èéfín àárọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ní àárín ooru, ó wá sílé Kinue fúnra rẹ̀. Ó gbé irin náà sínú aṣọ, kò sì lè wo obìnrin náà lójú.

"Mo ti bà á jẹ́," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí: ó ti fi tàdáwà kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú kejì, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ó gbé irin ìfín lé e. Òógùn bọ́ sí i lójú, ó gbé idà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti nu ojú, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan kan náà láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kò bi í léèrè. Ó lọ sí ojú àtijọ́, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, gbọ̀n-ín. Ìlà kan ṣoṣo ni, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ó sì jìn. Irin tó wà lábẹ́ èkù kò ṣeé fá; ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ kò jáde mọ́.

Kinue wo ìlà náà. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó di ògiri mú, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ yín méjèèjì pé, baba, síbẹ̀ ẹ ò lè yí ẹyọ kan padà."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Màá yọ́ ọ, màá tún un rọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ewé á ti wọ́ tán, ìfihàn á sì ti kọjá, kí ẹ tó parí. Ẹ fín orúkọ yín sí ojú kejì, kí ẹ jẹ́ kí ìlà yìí wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọwọ́ òsì tí kì í ṣì í."

Tamotsu lọ fín in. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kọ idà náà sínú ìwé wọn, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo idà tuntun, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ara baba yá. "Ara mi le," ló dá wọn lóhùn. "Ẹ kọ ohun tí ẹ rí."

Bí idà ṣe tẹ Kinue lọ́wọ́, ìyà bẹ̀rẹ̀. Fífà yọ kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ó fi okùn so àkọ̀ pinpin mọ́ ìgbànú ní ìbàdí ọ̀tún, ó yí ìbàdí sẹ́yìn, idà sì jáde. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ó ti mọ̀ ọ́n. Dídá a padà ni iṣẹ́. Ẹni tó ní ọwọ́ méjì a máa fi èkejì di ẹnu àkọ̀ mú, á fi ìka wá ẹ̀yìn idà, á sì darí rẹ̀ wọlé láìwò ó, nítorí ẹni tó bá ń wo àkọ̀ rẹ̀ kò tíì mọ nǹkan kan. Kinue kò ní ọwọ́ tí yóò fi di ẹnu àkọ̀ mú. Ṣónṣó idà ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ha á, ó ń yẹ̀. Nígbà tí oṣù kan yóò fi pé, ẹnu àkọ̀ tuntun náà ti rí jákujàku. Wọ́n ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Kinue wó ilé náà láràárọ̀, ó sì ń bú u bó ṣe ń wó o.

Lọ́jọ́ kan, inú bí i, ó tú aṣọ funfun kúrò lọ́rùn, ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó kì í bọ inú ìgbànú, lórí ẹnu àkọ̀ gan-an. Òkú apá ni, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n, kì í sì í yẹ̀ kúrò níbi tí a bá gbé e sí. Ó gbé ẹ̀yìn idà lé ọrùn ọwọ́ náà, ó fà á títí ṣónṣó fi já sínú ihò. Ó wọlé. Kinue jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà, ó sunkún díẹ̀, ó nu imú, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìròyìn kì í pẹ́ rìn ní Seki. Nígbà tí ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ìfihàn tó wáyé, Ogiso wá kí i pẹ̀lú àkàrà ìrẹsì aládùn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó sunkún nígbà tí Kinue wà ní ilé ìwòsàn, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Kinue ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìgbànú nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀dọ́kùnrin. Ogiso wá di ọ̀gá lórí Kinue nítorí pé baba tirẹ̀ ló ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Àánú Kinue tó ń ṣe é ni kò jẹ́ kí obìnrin náà lè fojú rere wò ó.

"Màmá, mo gbọ́ pé Baba Sawaragi rọ nǹkan kan fún yín."

"Idà ni wọ́n ń pè é, ọ̀gá."

"Ẹ ò lè gbé e sí ìbàdí ọ̀tún níwájú ojúbọ. Bí mo bá gbà fún yín lónìí, lọ́la ẹnìkan á ní ẹ̀yìn lòun fẹ́ so tòun mọ́."

"Tó bá ti lè fà á yọ, ẹ jẹ́ kó so ó."

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá. Àwọn èèyàn á pọ̀. Bó bá yẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ojú á tì yín."

"Ojú ti ń tì mí láti ọjọ́ tí ẹ ti ń kí mi kú ìrọ́jú."

Ogiso wo ilẹ̀. "Orúkọ yín kò sí nínú ìwé ọjọ́ náà."

"Mo mọ orúkọ mi," ni Kinue wí. "Kò dìgbà tí ìwé bá pè mí. Ẹ ṣeun fún àkàrà."

Ọjọ́ ìfihàn pé, ewé igi ti pọ́n, èrò jókòó yí pápá ojúbọ ká, àwọn àgbà sì wà lórí ìjókòó tiwọn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù á kúnlẹ̀ lórí ẹní, á kí ojúbọ, á fa idà yọ ní ìṣesí márùn-ún, á dá a padà lẹ́ẹ̀marùn-ún, á sì padà sáyè rẹ̀. Tamotsu wà láàárín èrò, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń fi ojú bá gbogbo ẹni tó jókòó nítòsí jà.

Bí ẹni ìkẹyìn ṣe kúrò, Kinue dìde, ó rìn lọ sórí ẹní, ó kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó yọ àkọ̀ kúrò ní ìgbànú, ó sì gbé idà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀.

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Gbogbo ẹni tó bá kúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé idà sí ọ̀tún. Idà tó wà lọ́tùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún kò lè tètè fà á yọ, nítorí náà ẹni tó gbé e síbẹ̀ ń sọ pé àlàáfíà lòun bá wá. Ẹni tó bá gbé e sí òsì ń wá ìjà, kò sì sí ìwọ̀sí tó tó bẹ́ẹ̀ níwájú ojúbọ. Ogiso yára wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Màmá, ẹ wo ibi tí ẹ gbé idà sí. Ìwọ̀sí nìyẹn."

Kinue kò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ padà. Ó jẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́.

"Ọ̀gá, bí mo bá gbé e sí ọ̀tún, ọwọ́ òsì mi á ti fà á yọ kí ẹ tó mí. Mo gbé e sí òsì kí ẹ lè bá mi jókòó láìfòyà. Èwo lẹ fẹ́ kí n ṣe, kí n bọ̀wọ̀ fún yín ni, àbí kí n ṣe bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé obìnrin náà purọ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni Ogiso wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ fà á yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì wá jókòó. Á yé gbogbo èèyàn."

Kinue tẹríba fún ojúbọ. Ó ti àkọ̀ bọ ìbàdí ọ̀tún, ó fi eyín fa okùn rẹ̀ le, ó gbé òkú ọwọ́ lé ẹnu àkọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ọwọ́ Kinue tẹ èkù, ó yí ìbàdí, idà sì jáde pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo bí ẹni fa aṣọ ya. Ó gé afẹ́fẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, ó dúró gbọn-in, ṣónṣó rẹ̀ kò mì. Tamotsu tú apá rẹ̀ ká.

Ó wá ku dídá a padà. Ó gbé ẹ̀yìn idà lé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, ojú rẹ̀ lọ sí iwájú, ó fà á. Ṣónṣó kọ ihò, ó yẹ̀. Ó tún un ṣe. Ó tún yẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó gún òkú ọwọ́ náà níbi tí Kinue kò ti lè mọ̀ ọ́n lára. Ojú àwọn èèyàn ló fi mọ̀. Obìnrin kan ní iwájú fi aṣọ bo ẹnu. Ogiso ti dìde, ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kán sílẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá a padà."

"Kò kán sílẹ̀. Inú apá aṣọ mi ló wà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Jókòó, Shigeki."

Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó kí ó tó ronú, ní ibi tó dúró sí gan-an.

Kinue mí. Ìbínú ń gbóná nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó gbóná, kò wá ọ̀nà láti pa á. Ó gbé ẹ̀yìn idà lé ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń rọra fi ara nu ara. Ṣónṣó já sínú ihò. Idà wọlé, ó wọlé, ó wọlé, títí èkù fi kan ẹnu àkọ̀.

Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó pọ̀, ó rinlẹ̀, àwọn kan ń nu ojú. Kinue mọ irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni wọ́n ń pa fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ogiso dìde pẹ̀lú ẹ̀rín, ó tẹríba fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì na ọwọ́ sí ibi ìjókòó àwọn àgbà, níbi tí ẹnìkan ti ń bu tíì, tí ẹlòmíràn ti ń gbọn ìrọ̀rí.

Kinue kò dìde. Ó dúró títí àtẹ́wọ́ náà fi tán.

"Gbogbo àwọn tó jáde lónìí ṣe márùn-ún," ló wí. "Èmi ṣe ẹyọ kan. Ó ku mẹ́rin."

Ó tún òkú ọwọ́ rẹ̀ gbé sórí ẹnu àkọ̀, ó sì gbé ọwọ́ òsì lé èkù. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ mọ́, kò sí ẹni tó ń nu ojú. Wọ́n sún síwájú lórí ìjókòó wọn, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ogiso wo àwọn àgbà, ó wo Kinue, ó padà lọ jókòó, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí ó ti yé e pé yóò pẹ́.